Ìyá alàdìrẹ béèrè: ṣé MIT lè gba ọmọ mi?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Òṣogbo níbí. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wà ní SS2 ní ilé ìwé ìjọba. Láti SS1 ló ti ń gba ipò kìíní, ìṣirò àti kẹ́mísírì ló sì fẹ́ràn jù. Ó ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà lòun ń lọ, tàbí Harvard. Ejẹ́ńtì kan ní àgbègbè Ọláìyá ní kí n mú mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà wá, pé òun á bá a di àyè mú. N kò lówó tí mo lè fi rán an lọ sókè òkun. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di owó yín mú ná. Kò sí ejẹ́ńtì tó lè bá ọmọ di àyè mú ní MIT tàbí ní Harvard. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Ní MIT, bí bàbá tàbí ìyá ọmọ bá tilẹ̀ ti kàwé níbẹ̀, wọn kì í fi ṣe ojú rere fún un, áńbọ̀ǹtórí ejẹ́ńtì. Ohun tí irú wọn sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á bá ọmọ kọ àròkọ, wọ́n á bá tíṣà kọ lẹ́tà, wọ́n á sì fi ránṣẹ́. Bí àṣírí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tú, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ọmọ náà, wọ́n á gba àyè ọ̀hún padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó le ju bí ọmọ yín ṣe rò lọ. Nínú èèyàn 54,008 tó kọ̀wé sí Harvard fún ti ọdún 2024, 1,937 ni wọ́n gbà. Ìyẹn kò pé mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. MIT kì í sábà gba ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ má sì mú iye yẹn bí ẹni pé ti ọmọ yín ni, nítorí ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ òkèèrè ni wọ́n pa pọ̀ kà síbẹ̀. Nínú èsì tí MIT ń tẹ̀ jáde, ti ọmọ òkèèrè nìkan kì í sábà ju méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kíláàsì ló ń kan àwọn ọmọ òkèèrè, gbogbo ayé ló sì ń dù ú, títí kan àwọn tó ti gba mẹ́dàlì ní ìdíje ìṣirò àgbáyé.

Nítorí náà, ipò kìíní kò tó. Ọmọ ipò kìíní ló kún inú àwọn tí wọ́n dá padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì lè ṣe iṣẹ́ kíláàsì náà láìlàágùn. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni láti yan ilé ìwé tí àìlówó yín kò ní di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, kí ẹ sì rí i pé ìwé tó ń ti Òṣogbo lọ yé àjèjì tó máa kà á.

Ọ̀rọ̀ owó ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Ọdún kan ní Harvard tàbí MIT ti kọjá $80,000, tí a bá ka owó ilé ìwé, yàrá àti oúnjẹ pọ̀. Kò sí oníṣòwò Ọjà Ọba tó lè san án, àwọn ilé ìwé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ilé ìwé kan wà tí kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó pinnu, ì báà jẹ́ ọmọ òkèèrè: Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst, Dartmouth àti Bowdoin. Brown náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí àwọn tó wọlé ní 2025. Bí wọ́n bá ti gba ọmọ, wọ́n á ṣírò ohun tí ẹbí lè san, wọ́n á sì san ìyókù. Láti 2025, ní Harvard àti MIT, ẹbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá tó $100,000 kì í san nǹkan kan, bí kò bá sí dúkìá ńlá tó fara pamọ́ síbì kan. Ẹ̀yin wà lábẹ́ iye yẹn pátápátá.

Àwọn ilé ìwé mìíràn wà tó ń wo àpò. Stanford, Columbia, Cornell àti Duke wà nínú wọn ní ti ọmọ òkèèrè. Wọn kò burú. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ òkèèrè ló níwọ̀n, nítorí náà bí ọmọ méjì bá dọ́gba, èyí tó lè san owó ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń gba òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù pé àwọn kò nílò ìrànwọ́, pé tí ọmọ bá wọlé tán, àwọn á wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ má dán an wò. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwé wọ̀nyí, bíi Stanford, ọmọ òkèèrè tí kò bá béèrè ìrànwọ́ nígbà tó ń kọ̀wé, kò ní í rí i gbà títí ọdún mẹ́rin á fi pé. Ọmọ á gba lẹ́tà pé wọ́n ti gbà á, á sì jókòó sílé pẹ̀lú lẹ́tà náà lọ́wọ́.

Fọ́ọ̀mù owó tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò ni CSS Profile. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kún un, ó gùn, ó sì ń béèrè ohun gbogbo: owó tó wọlé láwọn ọdún tó kọjá, ilé, ilẹ̀, ọkọ̀, gbèsè, iye ọmọ tó wà nílé ìwé. Olówó oṣù á mú ìwé owó oṣù rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ á parí. Oníṣòwò bíi tiyín ni iṣẹ́ wà fún. Láti òní lọ, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ iye tẹ́ẹ fi ra aṣọ funfun, iye tí aró àti owó aláró jẹ, owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀, àti iye tẹ́ẹ tà. Èrè yín ni wọ́n ń pè ní owó tó wọlé, kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ yín kọjá. Ẹni tó ta ọjà mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ́dún, tó sì jèrè mílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀, èrè yẹn ni kó kọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ló ti kọ mílíọ̀nù mẹ́jọ síbẹ̀ nítorí pé owó náà gba àkáǹtì wọn kọjá, ilé ìwé wá rò pé wọ́n lówó ju bí wọ́n ṣe ní lọ.

Ẹ gba ìwé báńkì oṣù méjìlá, ìwé ẹ̀rí owó orí lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, àti ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bí ẹ bá wà nínú ọ̀kan. Kí iye inú wọn bára mu. Bí bàbá ọmọ kò bá gbé pẹ̀lú yín, wọ́n lè béèrè tirẹ̀ náà, ẹ tètè bá a sọ ọ́. CSS Profile ń gba owó díẹ̀ lórí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ilé ìwé náà láti béèrè bóyá wọ́n ní kóòdù tó ń dá owó náà dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé, tó jẹ́ $75 ní MIT: ẹni tí kò bá lè san án lè béèrè kí wọ́n fojú fò ó, kì í sì í ṣàkóbá fún un.

Ó wá ku ìdánwò. MIT àti Harvard ti tún sọ SAT, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì Amẹ́ríkà, di dandan lẹ́yìn àrùn kòrónà: MIT ní 2022, Harvard ní 2024. JAMB kò já mọ́ nǹkan lọ́hùn-ún. IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ejẹ́ńtì sábà máa ń kọ́kọ́ gbowó lé lórí, Harvard kì í béèrè fún un, MIT náà kò sì fi dandan lé e fún ọmọ tó ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kékeré.

Orí kọ̀ǹpútà ni SAT wà báyìí, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá: ìbéèrè 54 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú 64, ìbéèrè 44 nínú ìṣirò fún ìṣẹ́jú 70, máàkì 1600 ló sì ga jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pín sí apá méjì, bí ọmọ bá sì ṣe ṣe sí ní apá kìíní ni wọ́n fi ń yan apá kejì fún un. Ẹni tó bá fi ìwàǹwara ba apá kìíní jẹ́, èyí tó rọrùn ni wọ́n á gbé wá, kò sì ní í lè dé máàkì òkè mọ́, bó tilẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà kì í yọ máàkì, nítorí náà kó má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófo. Ọ̀pọ̀ àwọn tí MIT ń gbà ní máàkì ìṣirò láàrin 780 sí 800, èyí tó túmọ̀ sí pé ìbéèrè tí wọ́n kùnà kò ju mélòó kan lọ. Ọmọ wa kì í sábà ṣubú nínú ìṣirò. Apá kíkà ni, nítorí ìwé tí a ń kà fún WAEC kò kọ́ni láti mú èrò òǹkọ̀wé jáde nínú ìpínrọ̀ kékeré. Oṣù mẹ́fà ni kó fi ka nǹkan tó le lédè Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́, nǹkan bí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì. Khan Academy lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ́ni ní SAT lọ́fẹ̀ẹ́, ìdánwò ìdánrawò sì wà nínú áàpù Bluebook tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà gan-an.

Fóònù kò lè gbé Bluebook. Laptop tàbí iPad ni. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ má yá a lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Kó wà lọ́wọ́ ọmọ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó sì fi ṣe ìdánrawò lódindi. Láàrin ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú ìdánwò ni kó ṣí áàpù náà, kó parí ìmúrasílẹ̀ inú rẹ̀. Ẹ wo bátìrì rẹ̀: bí kò bá lè dúró fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin láìsí iná NEPA, laptop mìíràn ni kí ẹ wá. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ ló nílò rẹ̀. Bó bá já láàrin, kó má ṣojo, kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ibùdó ìdánwò kò pọ̀ bíi ti JAMB, ó sì ń tètè kún, nítorí náà ẹ forúkọ sílẹ̀ ní oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Owó rẹ̀ lé díẹ̀ ní $100. Bó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni ibùdó náà wà, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, torí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n sábà ń tilẹ̀kùn, ẹni tó bá ti Òṣogbo gbéra ní ìdájí á bá ilẹ̀kùn ní títì.

Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n á bi í ní ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe káàdì ilé ìwé. Ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù wà ní Òṣogbo. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún jẹ́ ₦100,000. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ tẹ́ NIN, ìwé ìbí àti ìforúkọsílẹ̀ WAEC rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá kọ orúkọ mẹ́ta, tí èkejì kọ méjì, tàbí tí wọ́n fi “s” kọ “ṣ” níbì kan tí wọ́n sì fi “sh” kọ ọ́ níbòmíràn, NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí òun ni pásípọ́ọ̀tù ń tẹ̀ lé. Orúkọ tó bá wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni SAT, fọ́ọ̀mù àti ìwé ilé ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ìwé ilé ìwé, nítorí níbẹ̀ ni ọmọ ilé ìwé ìjọba ti ń pàdánù jù, láìjẹ́ pé ẹ̀bi ọmọ ni. Ọdún mẹ́rin ni Amẹ́ríkà ń kà sí ilé ìwé girama. JSS3 ni ìkínní nínú rẹ̀ lójú wọn, kì í ṣe SS1. Ẹ lọ wá èsì táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti JSS3 kó tó di pé eku jẹ ẹ́ ní sìtọ́ọ̀ ilé ìwé. Èkejì, ní WAEC, A1 bẹ̀rẹ̀ láti 75. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé Amẹ́ríkà, 75 jẹ́ C. Bí àjèjì bá rí 78 níwájú kẹ́mísírì láìsí àlàyé, ọmọ tó gba ipò kìíní nínú ọgọ́rin á dà bí ọmọ tó ń tiro lẹ́yìn kíláàsì lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé ìwé fi gbọ́dọ̀ fi ewé kan kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní school profile: irú ilé ìwé tó jẹ́, iye akẹ́kọ̀ọ́, iye tó wà ní kíláàsì kan, bí wọ́n ṣe ń fún máàkì, iye ẹni tó máa ń gba 75 sókè, iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àti èyí tí wọn kò ní olùkọ́ fún. Bí yàrá kẹ́mísírì kò bá ní kẹ́míkà, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ọmọ ṣe lo ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Purinsípà tàbí olùdámọ̀ràn ilé ìwé ló ń fi èyí ránṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ilé ìwé yín kò tíì ṣe é rí. Kí ọmọ yín mú àpẹẹrẹ lọ bá wọn, kó sì fi sùúrù ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kó iye jọ, àmọ́ àwọn ni kó kọ ọ́, àwọn ni kó sì fi ránṣẹ́.

Lẹ́tà olùkọ́ méjì ni wọ́n máa ń béèrè. MIT fẹ́ ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ èdè, lítíréṣọ̀, ìtàn tàbí irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíṣà wa máa ń kọ pé ọmọ náà ń gbọ́ràn, kì í pẹ́ dé, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Lẹ́tà yẹn wúlò fún ẹni tó ń wá ìyàwó. Ohun tí wọ́n fẹ́ kà ni ìṣẹ̀lẹ̀: ọjọ́ tó rí àṣìṣe nínú ìwé ìṣirò tí gbogbo kíláàsì ń lò, ìbéèrè tó bi tíṣà tí tíṣà fi ní láti lọ wádìí wá. Kí ọmọ jókòó ti olùkọ́ náà, kó rán an létí irú nǹkan báwọ̀nyí, kó sì fún un ní oṣù méjì. Àwọn tíṣà ìjọba sì ń ṣí kiri: ìwé ìṣípòpadà lè dé láàárọ̀ kan, kí tíṣà kẹ́mísírì ti di ará Ìlá tàbí Ìwó. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣí. Kí ọmọ má ṣí ímeèlì fún tíṣà, kó wá máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn. Irọ́ ni, ó sì ti ba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an jẹ́.

Kí ni ọmọ yín wá ní tí ọmọ ipò kìíní mìíràn kò ní? Ìbéèrè yìí ló ń lé àwọn ọmọ lọ dá “fáúndéṣọ̀n” sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án SS3, tí wọ́n á tẹ bánà, tí wọ́n á pín bíró mẹ́wàá, tí wọ́n á ya fọ́tò, tí fáúndéṣọ̀n á sì kú ní oṣù kìíní. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù ti rí i débi tó ti sú wọn.

Ẹ̀yin ń ta àdìrẹ, ọmọ yín fẹ́ràn kẹ́mísírì, Òṣogbo ìlú aró lẹ sì ń gbé. Ìkòkò aró kún fún kẹ́mísírì tí ìwé SS2 kò kọ́ni tán. Aró inú ewé elú kì í yòrò nínú omi lásán. Omi eérú ni wọ́n fi ń mú un le, ìkẹ̀ inú ìkòkò ló ń yí i padà di èyí tó lè yòrò, ìgbà yẹn ló tó lè wọnú òwú. Aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé tó ń ṣe bí ìyeyè, afẹ́fẹ́ á kàn án, á di búlúù lójú ẹni. Kí ló dé tí ìkòkò kan fi ń “kú”? Eérú igi wo ló ń jẹ́ kó tètè jí? Ìgbà mélòó ni a máa rì í kí àwọ̀ tó dúró lẹ́yìn fífọ̀ ogún? Caustic soda tí ọ̀pọ̀ aláró ń lò báyìí, báwo ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti eérú? Bébà tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn bí omi ṣe kan tó tàbí bí eérú inú rẹ̀ ṣe le tó, kò wọ́n. Bó bá lọ jókòó ti àwọn ìyá aláró fún oṣù mẹ́jọ, tó ń kọ ọjọ́, eérú, pH àti àwọ̀ sílẹ̀, tó sì ń gé èékèékèé aṣọ mọ́ ìwé rẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí gidi nìyẹn. Kò ná yín ní nǹkan kan tó pọ̀, àwọn ìyá aláró á sì jàǹfààní èsì rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni mo mú wá o. Bí aró kò bá wù ú, kó wá èyí tó ń dùn mọ́ ọn. Ohun tó bá fi tipátipá ṣe, àròkọ rẹ̀ á sọ ọ́.

Kó tún gbìyànjú ìdíje ìṣirò tí National Mathematical Centre ń ṣètò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè fi í wé ọmọ gbogbo Nàìjíríà. Kó má sì gbàgbé iṣẹ́ ilé. Lórí Common App, fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé kan náà tí Harvard àti ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń lò, àyè mẹ́wàá wà fún ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì, “ojúṣe nínú ẹbí” sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí. Bó bá ń bá yín jókòó ní ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀, tó ń ṣe ìṣirò owó ọjà, kó kọ ọ́ pẹ̀lú iye wákàtí náà. Ó tóbi ju ipò “olórí ẹgbẹ́” tí kò ní iṣẹ́ nínú lọ.

Àròkọ Common App kò gbọ́dọ̀ ju 650 ọ̀rọ̀ lọ. MIT ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀, àròkọ kúkúrú bí ọ̀rọ̀ 100 sí 200 ló sì ń béèrè. Kó má fi bẹ̀rẹ̀ pé ilẹ̀ wa kò ní iná, òṣì ń bẹ, ó fẹ́ wá gba Áfíríkà là. Kó kọ bó ṣe ń ronú.

Ní ti àkókò: ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni àwọn tó ń tètè kọ̀wé ń parí, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni ti àwọn yòókù, èsì sì ń jáde láàrin oṣù kẹta. MIT máa ń sọ tirẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Ọmọ SS3 á ti kọ̀wé kó tó jókòó fún WAEC, purinsípà ló máa sọ èsì tó ń retí. Ọ̀nà kejì ni kó parí WAEC, kó gba èsì ní oṣù kẹjọ, kó wá kọ̀wé ní ọdún yẹn. Tèmi ni pé kó kọ́kọ́ jókòó fún SAT ní oṣù karùn-ún tàbí kẹfà SS2. Bó bá fi máa di oṣù kẹwàá SS3, tí máàkì kò tíì dé 1500, tàbí tí ìwé ilé ìwé ṣì rí jágbajàgba, ẹ dúró di ọdún kejì. Wọn kì í ka ọdún kan yẹn sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ewu tó wà nínú dídúró ni èyí. Ara yín kò ní í balẹ̀, ẹ ó ní kó wọ OAU ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí UNIOSUN ná “kó má jókòó lásán”. Ẹni tó bá ti lo ọdún kan gbáko ní yunifásítì kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́ lójú Harvard àti MIT. Ọ̀nà àwọn tó ń ṣí láti yunifásítì kan sí èkejì ni wọ́n á ní kó gbà, ọ̀nà yẹn sì tóóró ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kó ṣe JAMB ní ọdún tí èsì Amẹ́ríkà máa jáde, kó gba àyè rẹ̀ nílé, torí èsì Amẹ́ríkà á ti jáde kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ níbí. Bí Amẹ́ríkà bá kọ̀, kó wọlé síbi tí wọ́n ti gbà á, kó má wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ fíísà wá kù, kò sì dùn. Lẹ́tà MIT kì í ṣe fíísà. Ní oṣù kejìlá 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti fíísà mọ́, ti akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F sì wà nínú rẹ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026. Irú àṣẹ yìí ń yí padà, ọmọ yín kò sì ní í nílò fíísà fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sí i, nítorí náà kò tó ohun tó yẹ kó dá iṣẹ́ dúró. Ojú ìwé ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe WhatsApp. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kó di dandan pé kí ẹ má kó gbogbo ẹyin sí agbọ̀n Amẹ́ríkà.

Yunifásítì Toronto ní Kánádà ní sikọ́láṣíìpù Lester B. Pearson: bí ọmọ 37 ló ń gbà á lọ́dún láti gbogbo ayé, ó sì ń san owó ilé ìwé, ìwé àti yàrá fún ọdún mẹ́rin. Ilé ìwé girama ló ń fa ọmọ kalẹ̀, ọmọ kan péré, nítorí náà kí purinsípà ti mọ̀ ṣáájú oṣù kẹwàá. Oxford àti Cambridge ní tiwọn kì í gba WAEC nìkan, A-level tàbí irú rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, owó ọ̀fẹ́ níbẹ̀ fún ọmọ òkèèrè sì ṣọ̀wọ́n. Èmi kò ní í fi àkókò ọmọ yín ṣòfò síbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, kó kọ̀wé sí bíi mẹ́jọ. MIT, Harvard àti ọ̀kan sí i nínú àwọn tí kì í wo àpò. Lẹ́yìn náà, kó mú márùn-ún nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké tó ń wo àpò, ṣùgbọ́n tó ń san gbogbo àlàfo fún ẹni tí wọ́n bá gbà: Wellesley, Smith, Grinnell, Macalester, Swarthmore. Àwọn náà kò rọrùn, àmọ́ ọmọ tó ní máàkì gíga àti iṣẹ́ bíi ti aró yẹn máa ń hàn níbẹ̀ jù. Wellesley jẹ́ ti obìnrin nìkan, kò jìnnà sí MIT, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì lè gba kíláàsì ní MIT. Ọmọ tó ń fi MIT sùn, tó ń fi MIT jí, kó wo ibẹ̀ dáadáa.

Nínú mílíọ̀nù kan ààbọ̀ yẹn, ẹ yọ ₦100,000 pásípọ́ọ̀tù, owó SAT ẹ̀ẹ̀mejì, laptop àlòkù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dáa, dátà oṣù mẹ́wàá, àti owó ọkọ̀ lọ síbi ìdánwò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra aṣọ funfun kún ọjà.